Wọ́n kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé L-1A ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yín ní Amẹ́ríkà: bí ẹ ṣe lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Ilé-iṣẹ́ yín fẹ́ gbé ọ̀gá kan láti ẹ̀ka tó wà lókè òkun lọ sí ẹ̀ka Amẹ́ríkà. Ẹ kọ ìwé, ẹ san owó, ẹ dúró. Nígbà tí ìdáhùn máa dé, “rárá” ni, tí wọ́n fi ojú ewé mẹ́jọ ṣàlàyé. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń ba ẹjọ́ ara wọn jẹ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á tún ìtàn ilé-iṣẹ́ sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọ́n á yin ọ̀gá náà títí, wọn ò sì ní dáhùn gbólóhùn mẹ́ta tí wọ́n torí rẹ̀ kọ̀ wọ́n. Kòtẹ́milọ́rùn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún ẹni tó ga ju ẹni tó kọ̀ yín lọ ni pé, “Ibi báyìí ló ti ṣì í, ẹ wo ojú ewé báyìí nínú fáìlì.”

L-1A ni mo ń sọ níbí, ìyẹn ìwé tí òfin Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún ọ̀gá àgbà àti máníjà tí ilé-iṣẹ́ kan náà ń gbé wọlé láti òkèèrè. L-1B, ti àwọn tó ní ìmọ̀ àkànṣe nípa ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe, ń gba ọ̀nà kan náà kọjá, àmọ́ àríyànjiyàn ibẹ̀ yàtọ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ẹni tó sọ pé rárá

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ wo orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lókè lẹ́tà náà, nítorí iléeṣẹ́ ìjọba méjì ló ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọlé àwọn àjèjì, ló ń gba fọ́ọ̀mù I-129, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè L-1A, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, tó ń wò ó bóyá iṣẹ́ náà àti ẹni náà bá òfin L-1A mu. Lẹ́yìn tí USCIS bá fọwọ́ sí i ni kọ́ńsúlétì Amẹ́ríkà tó wà lókè òkun máa tó lẹ físà mọ́ ìwé ìrìnnà. Tó bá jẹ́ USCIS ló kọ̀, kòtẹ́milọ́rùn wà. Tó bá jẹ́ pé ojú fèrèsé kọ́ńsúlétì ni wọ́n ti kọ̀ yín, kò sí ibi tí ẹ máa pe ẹjọ́ náà sí. Ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà pàápàá kì í sábà tú ìpinnu òṣìṣẹ́ kọ́ńsúlétì wò.

Ìyẹn ò sọ pé ọ̀nà ti dí pátá. Ẹ wo nọ́ńbà òfin tí wọ́n kọ sórí ìwé tí wọ́n fi lé ẹni náà lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ 221(g), ó sábà máa ń jẹ́ pé ìwé kan kù tàbí pé àyẹ̀wò kan ò tíì parí. Ẹ fi ohun tí wọ́n béèrè ránṣẹ́ kí ọdún kan tó pé, nítorí tó bá ti kọjá ọdún kan, ẹ ó tún owó san, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ 214(b) ni wọ́n kọ, ẹ dúró díẹ̀. Òfin yẹn ló ní kí wọ́n máa fura sí gbogbo ẹni tó wá gba físà pé ṣe ló fẹ́ lọ jókòó pa síbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà fúnra rẹ̀ yọ L kúrò nínú ìfura yẹn. Kí lọ́yà yín kọ̀wé pẹ̀lẹ́tù sí kọ́ńsúlétì, kó tọ́ka sí i.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan tún wà tó ní àṣẹ gbogboogbò, èyí tí wọ́n ń pè ní blanket L. Fọ́ọ̀mù I-129S ni òṣìṣẹ́ wọn máa ń gbé lọ sí kọ́ńsúlétì tààrà. Tí kọ́ńsúlétì bá kọ̀ láti gba èyí, ilé-iṣẹ́ lè lọ gbé I-129 tirẹ̀ fún ẹni yẹn nìkan lọ sí USCIS, kí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó fi oṣù mẹ́rin kọ lẹ́tà ìbínú sí kọ́ńsúlétì nígbà tí ọ̀nà yìí ṣí sílẹ̀ fún wọn.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́ńsúlétì máa ń dá ìwé tí USCIS ti fọwọ́ sí padà sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n á ní ohun tí àwọn rí nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò bá ohun tó wà nínú ìwé mu. USCIS á wá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gba àṣẹ náà padà. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti fèsì. Ẹ má fojú kékeré wo lẹ́tà yẹn, ohun tí ẹ bá kọ nínú èsì náà ni ẹ máa gbára lé tí ọ̀rọ̀ bá di kòtẹ́milọ́rùn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ọ̀gá náà

Ọ̀pọ̀ kì í gbọ́ èyí títí á fi pẹ́ jù. Ilé-iṣẹ́ tó wà ní Amẹ́ríkà tó buwọ́ lu I-129 nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pe kòtẹ́milọ́rùn. Ọ̀gá tí wọ́n fẹ́ gbé, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí gbogbo ìwé, tí ìyàwó rẹ̀ ti ń wá ilé-ìwé fáwọn ọmọ, kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi dúró nínú ẹjọ́ yìí. Tó bá gbé fọ́ọ̀mù lọ lórúkọ ara rẹ̀, wọ́n á dá a nù láìkà á.

Tó bá jẹ́ ọ̀gá náà ló tún ni ilé-iṣẹ́, kò burú, àmọ́ kó buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí aláṣẹ ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ lórí fọ́ọ̀mù. Tí lọ́yà bá ń ṣojú yín, ó gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù G-28 tuntun sí i, kí ilé-iṣẹ́ náà sì buwọ́ lù ú. G-28 tí lọ́yà lò fún I-129 kò tó fún ti kòtẹ́milọ́rùn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka ọjọ́, kí ẹ sì kà á dáadáa

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún yín láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìpinnu náà lé yín lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́, ó di ọjọ́ 33. Ẹ ṣọ́ra: ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti orí rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ó dé ọ́fíìsì yín. Ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù yín bá dé ọwọ́ USCIS ni wọ́n sì máa kà sí ọjọ́ tí ẹ pe ẹjọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi í ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kà á papọ̀. Ká ní wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní ọjọ́ Túsìdeè, ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2026. Ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ 4, ni ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ 33 bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, tó jẹ́ ọjọ́ Sunday. Nítorí pé òpin ọ̀sẹ̀ ni, gbèdéke sún sí ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 6. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí tó bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n tèmi ni pé kí ẹ máa ṣe bí ẹni pé ọjọ́ 25 ni gbèdéke yín. Ìdí ni pé tí USCIS bá rí i pé ẹ ò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, tàbí pé owó tí ẹ san kò pé, gbogbo páálí náà ni wọ́n máa dá padà, wọn ò sì ní kà á sí pé ẹ ti pe ẹjọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 32, ó tán nìyẹn.

Kò sí àfikún ọjọ́ fún kòtẹ́milọ́rùn tó pẹ́. Ohun tó lè gbà yín ni pé tí ohun tí ẹ kọ bá tó ohun tí a lè pè ní ìbéèrè fún àtúnyẹ̀wò, USCIS á gbà á bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má gbé ara lé e.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ka lẹ́tà náà pẹ̀lú bírò lọ́wọ́

Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má kà á lórí fóònù. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti dẹ́kun sísọ òfin tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ilé-iṣẹ́ yín. Ìdajì àkọ́kọ́ lẹ́tà náà sábà máa ń jẹ́ òfin tí wọ́n ń kọ fún gbogbo èèyàn.

Ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ kọ L-1A kò pọ̀. Wọ́n lè ní kò hàn pé ilé-iṣẹ́ méjèèjì jẹ́ ìyá àti ọmọ, tàbí ọmọ ìyá kan náà, ní ti ẹni tó ni wọ́n àti ẹni tó ń darí wọn. Wọ́n lè ní ẹni náà kò tíì ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà lókè òkun fún ọdún kan gbáko láàárín ọdún mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì tuntun, wọ́n lè ní kò sí ibi iṣẹ́ tó dájú, tàbí pé kò jọ pé ọ́fíìsì náà á lè gbé ẹrù ọ̀gá àgbà kan kí ọdún kan tó pé. Èyí tí mo rí jù ni ti iṣẹ́ gan-an: pé ohun tí ẹni náà ń ṣe, níbẹ̀ tàbí ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀gá àgbà tàbí ti máníjà bí òfin ṣe sọ ọ́.

Bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ fi lẹ́tà kan sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe yín. Ẹ kọ A síbi tí wọ́n ti sọ pé ohun kan kò sí nínú fáìlì, tí ó sì wà níbẹ̀. Ẹ kọ B síbi tí òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹ ò fi ẹ̀rí náà sí i. Ẹ kọ D síbi tí wọ́n ti lo òfin lọ́nà òdì. Ẹ kà wọ́n. Iye A, B àti D tí ẹ bá rí ló máa sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yan ọ̀nà

Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, I-290B, ni wọ́n ń lò fún nǹkan mẹ́ta, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń ṣìnà.

Àkọ́kọ́ ni kòtẹ́milọ́rùn fúnra rẹ̀. AAO, ìyẹn ọ́fíìsì kòtẹ́milọ́rùn tó wà lábẹ́ USCIS, ló máa dá a. Wọn ò ní gba ìpinnu ẹni àkọ́kọ́ gbọ́ lásán, gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa tú wò láti ìdí. Èkejì ni pé kí ọ́fíìsì tó kọ̀ yín ṣí fáìlì náà padà nítorí òtítọ́ tuntun tí ẹ ní ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí ọ́fíìsì kan náà tún èrò rẹ̀ pa nítorí pé ó ṣi òfin tàbí ìlànà lò lórí ohun tó ti wà nínú fáìlì tẹ́lẹ̀. Ẹ lè pa ìkejì àti ìkẹta pọ̀.

Ìkẹrin, tí kò sí lórí fọ́ọ̀mù yẹn rárá, ni pé kí ẹ kọ I-129 tuntun. Kò sí òfin tó ní ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Tí B bá pọ̀ lójú ewé yín, èyí ni mo máa ń dámọ̀ràn, bí ó tilẹ̀ dun ilé-iṣẹ́ láti san owó lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí rẹ̀ ni pé tí USCIS bá ti kọ̀wé béèrè ẹ̀rí kan lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó kọ̀ yín, tí ẹ kò sì fi í ránṣẹ́ nígbà náà, AAO lè ní àwọn ò ní wo ẹ̀rí yẹn lórí kòtẹ́milọ́rùn. Matter of Soriano, ìdájọ́ ọdún 1988, ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Yàtọ̀ sí èyí, I-129 tuntun lè gba ọ̀nà kíákíá, kí ẹ gbọ́ èsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15. Kò sí ọ̀nà kíákíá fún I-290B. Ọ́fíìsì tó kọ̀ yín ní ọjọ́ 45 láti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò bá yí èrò rẹ̀ padà, ó di ọ̀dọ̀ AAO, tí àwọn náà ń lépa láti parí ẹjọ́ láàárín ọjọ́ 180 lẹ́yìn tí fáìlì bá pé lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi oṣù mẹ́jọ sọ́kàn.

Tí A àti D bá pọ̀, ẹ pe kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ sì lè ṣe méjèèjì pọ̀: ẹ pe ẹjọ́ nítorí pé òfin wà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì kọ I-129 tuntun kí iṣẹ́ má bàa dúró. Àmọ́ ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ inú ìwé méjèèjì kò ta ko ara wọn.

Ìgbésẹ̀ 6: Fọ́ọ̀mù I-290B

Èyí kò le. Ẹ mú ẹ̀dà tuntun jùlọ lórí ìkànnì USCIS lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ kún un, nítorí wọ́n ń dá ẹ̀dà àtijọ́ padà. Owó rẹ̀ di $800 láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024. Ẹ wo ojú ìwé owó wọn kí ẹ tó san, kí ẹ sì wo ọ̀nà ìsanwó tí wọ́n ń gbà lásìkò náà. Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn àpótí tó béèrè irú ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ sí i. Àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìkànnì fún irú ìwé yín ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ẹ má fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí AAO tààrà.

Àyè kan wà lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti béèrè ibi tí ìpinnu náà ti ṣàṣìṣe. Ẹ má kọ “a ó ṣàlàyé nígbà tó bá yá” síbẹ̀ kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Tí ẹ ò bá dárúkọ àṣìṣe kan pàtó, yálà ti òfin tàbí ti òtítọ́, òfin ní kí wọ́n fọwọ́ gbá ẹjọ́ náà dànù láìwo inú rẹ̀.

Òfin fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ sí i lẹ́yìn tí ẹ bá pe ẹjọ́ láti fi ìwé àlàyé ẹjọ́ ránṣẹ́ sí AAO. Tèmi ni pé kí ẹ má lò ó. Ọ́fíìsì tó kọ̀ yín ló máa kọ́kọ́ ka fọ́ọ̀mù náà láàárín ọjọ́ 45 tí mo sọ, ó sì lágbára láti fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ìwé àlàyé tó bá pẹ́ dé máa lọ bá AAO, kò ní dé iwájú ẹni yẹn. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan náà.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìwé àlàyé ẹjọ́

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀rí: gẹ́gẹ́ bí Matter of Chawathe ti ọdún 2010 ṣe sọ, ohun tí ilé-iṣẹ́ ní láti fi hàn kò ju pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́ ju kó má jẹ́ òótọ́ lọ. Kì í ṣe pé kó dájú bí ọ̀sán gangan. Nígbà mìíràn, lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ á máa béèrè ohun tó ju èyí lọ. Tí tiyín bá ṣe bẹ́ẹ̀, D nìyẹn, ẹ kọ ọ́ síwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú gbólóhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, láìyọ kúrò, láìfi kún un. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ìdáhùn yín pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀rí àti ojú ewé. Ẹni tó ń kà á ní fáìlì púpọ̀ níwájú. Kó má bàa máa wá kiri.

Ti iṣẹ́ ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Oyè kọ́ ni wọ́n ń wò. Òfin sọ pé ọ̀gá àgbà ni ẹni tó ń darí ilé-iṣẹ́ tàbí apá ńlá kan nínú rẹ̀, tó ń gbé àfojúsùn àti ìlànà kalẹ̀, tó ní àǹfààní púpọ̀ láti ṣèpinnu lórí ara rẹ̀, tó jẹ́ pé àbójútó gbogboogbò nìkan ló ń gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tó ga jù ú lọ, ìgbìmọ̀ olùdarí tàbí àwọn tó ni ìpín ilé-iṣẹ́. Máníjà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa darí àwọn alábòójútó, máníjà mìíràn tàbí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, tàbí kó máa darí ẹ̀ka iṣẹ́ pàtàkì kan. Ẹni tó kàn ń bojú tó àwọn òṣìṣẹ́ lásán kò tó, àfi tí àwọn tó ń bojú tó bá jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́.

Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ni irú àpèjúwe iṣẹ́ báyìí: “Ó ń darí gbogbo iṣẹ́ ilé-iṣẹ́, ó ń gbé ètò kalẹ̀, ó sì ń rí i dájú pé ohun gbogbo ń lọ déédéé.” Ta ni kò lè wọ ẹ̀wù yẹn? Ẹ wá wo irú èyí, àpẹẹrẹ tí mo gbé kalẹ̀ ni o: “Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò rẹ̀ ló ń lò lórí ìnáwó. Máníjà ìtajà àti máníjà ìṣirò owó ló ń kọ àbá ìnáwó lóṣù mẹ́ta mẹ́ta; òun ló ń fọwọ́ sí i tàbí dá a padà. Ní oṣù kẹfà, ó dá àbá ìtajà padà, ó ní kí wọ́n gé e kù sí ìdajì. Ẹ̀rí 14, ojú ewé 3.” Ní ojú ewé 3 yẹn, ímeèlì tó fi dá a padà wà níbẹ̀. Èyí kejì fi ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an hàn, àti pé kì í ṣe ọ̀gá ni. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn ẹni tó ń ka fáìlì ni pé: tí ọ̀gá yìí ò bá ta ọjà, tí kò kọ ìwé owó, tí kò gbé ìpè àwọn oníbàárà, ta ló ń ṣe wọ́n? Ẹ dáhùn rẹ̀ kó tó béèrè.

Ìkìlọ̀ kan ṣá o. Ẹ lè tan ìmọ́lẹ̀ sí iṣẹ́ tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ ò lè pààrọ̀ rẹ̀. Matter of Izummi ti ọdún 1998 ló ti ilẹ̀kùn yẹn. Tó bá jẹ́ “olórí ìtajà” lẹ kọ sínú I-129, ẹ ò lè sọ ọ́ di “ọ̀gá àgbà pátápátá” lórí kòtẹ́milọ́rùn. Ohun tó ti wà lọ́jọ́ tí ẹ kọ ìwé náà ni wọ́n máa wò; òṣìṣẹ́ mẹ́rin tí ẹ gbà lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí, ìwé tuntun ni wọ́n wúlò fún.

Ilé-iṣẹ́ kékeré, ẹ gbọ́ tiyín. Wọ́n máa ń kọ̀wé pé òṣìṣẹ́ yín kéré jù láti nílò ọ̀gá àgbà. Òfin kò jẹ́ kí wọ́n dúró lórí iye èèyàn nìkan: tí wọ́n bá fẹ́ lo iye òṣìṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ ro ohun tí ilé-iṣẹ́ náà nílò, ìdí tí ẹ fi dá a sílẹ̀ àti ipele tó dé nínú ìdàgbàsókè rẹ̀. Tí lẹ́tà wọn bá ka orí òṣìṣẹ́ tó sì fò èyí dá, ẹ fi D ńlá síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lókè òkun ló ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ fún ọ̀gá náà, Matter of Z-A-, Inc., tí AAO gbé jáde ní ọdún 2016, sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ka àwọn yẹn náà mọ́ ọn. Tó bá sì jẹ́ máníjà tó ń darí ẹ̀ka iṣẹ́ láìní ọmọ abẹ́ púpọ̀ ni, ẹ ka Matter of G- Inc. ti ọdún 2017, kí ẹ sì dáhùn àwọn ohun márùn-ún tó béèrè ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé.

AAO ń gbé àwọn ìpinnu rẹ̀ tó kù sórí ìkànnì USCIS, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ orúkọ kúrò. Àwọn ti L-1 wà lábẹ́ ìsọ̀rí tí wọ́n pè ní D7. Ẹ fi alẹ́ méjì ka mẹ́wàá nínú wọn. Àwọn ìpinnu yẹn kò de ẹnikẹ́ni mìíràn, àmọ́ ẹ ó rí bí àwọn onídàájọ́ yẹn ṣe ń ronú, ó sì sàn ju ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ tún ẹ̀rí yín kà bí ọ̀tá

Kí ẹni tí kò kọ fáìlì náà jókòó tì í fún ọjọ́ kan, kó máa wá ibi tí ìwé kan ti ta ko ìkejì. Àtẹ ipò òṣìṣẹ́ ní àwọn 12 ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé owó-oṣù ní àwọn méje. Ìwé owó-orí ní ẹnì kan ló ni gbogbo ìpín ilé-iṣẹ́. Ìwé ìpín ní méjì ni wọ́n. Ó lè jẹ́ pé àlàyé gidi wà: àwọn márùn-ún yòókù jẹ́ oníkọ́ńtíráàtì, tàbí wọ́n ta ìpín lẹ́yìn tí wọ́n kọ ìwé owó-orí. Ṣùgbọ́n Matter of Ho ti ọdún 1988 sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ilé-iṣẹ́ nìkan kò lè tún irú ìtakora bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ ní láti mú ẹ̀rí tó dá dúró wá: ìwé kọ́ńtíráàtì, ìwé báńkì tó fi owó tí wọ́n san hàn, ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ta ìpín. Tí wọn ò bá sì gbà yín gbọ́ lórí ìtakora kan, ó lè mú kí wọ́n máa fura sí ìyókù.

Ìwé tó bá wà ní èdè mìíràn gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lódindi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ ẹni tó tú u pé òun gbọ́ èdè méjèèjì àti pé ìtumọ̀ náà pé pérépéré.

Nígbà tí ẹ ń dúró

Kòtẹ́milọ́rùn kò dá ìpinnu náà dúró. Tí ẹni náà bá ṣì wà lókè òkun, kò sí wàhálà, kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀. Kó má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ o.

Tó bá ti wà ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé àfikún àkókò ni wọ́n kọ̀, ọ̀rọ̀ gbóná. Ẹni tó béèrè àfikún kí I-94 rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ tí àṣẹ láti gbé ibẹ̀ máa parí, tó kú lè máa ṣiṣẹ́ lọ títí di ọjọ́ 240 nígbà tí wọn ò tíì dáhùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ̀ ni àǹfààní yẹn parí. Tí I-94 bá ti kú, láti ọjọ́ kejì ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n á ti máa ka ọjọ́ tó fi ń gbé ibẹ̀ láìní àṣẹ, pípe ẹjọ́ kò sì dá kíkà náà dúró. Tó bá ju ọjọ́ 180 lọ kó tó jáde, kò ní lè wọlé padà fún ọdún mẹ́ta. Tó bá pé ọdún kan, ó di ọdún mẹ́wàá. Àṣẹ ìyàwó tàbí ọkọ àti àwọn ọmọ tó ní L-2, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń fún ìdílé ẹni tó ní L-1, so mọ́ tirẹ̀, títí kan àṣẹ iṣẹ́ tí aya tàbí ọkọ ní. Oṣù mẹ́jọ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn fún AAO, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ 180 yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ lọ́yà máa sọ ni pé kí ìdílé náà jáde kíákíá, kí wọ́n máa ja ìjà náà láti òde.

Tí AAO náà bá kọ̀

Ẹ lè béèrè pé kí AAO ṣí i padà tàbí tún èrò pa, fọ́ọ̀mù kan náà, gbèdéke kan náà. Ẹ tún lè gbé USCIS lọ sí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ APA, ìyẹn òfin tó ń darí bí iléeṣẹ́ ìjọba ṣe ń ṣèpinnu; ọdún mẹ́fà lẹ ní láti pẹjọ́. Kódà kì í ṣe dandan kí ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ AAO kọjá kí ẹ tó lọ sí ilé-ẹjọ́ lórí L-1. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń fo AAO dá nígbà tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òfin pọ́nńbélé ni. Owó lọ́yà ibẹ̀ kò kéré.

Èyí tó bá wù kí ẹ ṣe, nígbà tí ẹ bá tún kọ I-129 fún ẹni náà, fọ́ọ̀mù máa béèrè bóyá wọ́n ti sọ pé rárá sí irú rẹ̀ rí. Ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ kọ nọ́ńbà ìwé àtijọ́, kí ẹ sì fi ojú ewé kan ṣàlàyé ohun tó yàtọ̀ nísinsìnyí. Fáìlì àtijọ́ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì lè gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun.